Ìtàn Òpin Àwọn Windows, àti Kọ̀ǹpútà Tòkúnbọ̀ ní Agbègbè Mile 2

Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe aláìní òpin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n òpin tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ní ohun àrà kan nínú. A dá ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, a kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, síbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an ni ohun tí a ní ó parí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Òpin náà ni ti àwọn Windows, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft tí ó ṣe wọ́n bá sọ pé òun kò ní fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí wọn mọ́. Ibi tí a ó sì ti wo ìtàn náà ni agbègbè Mile 2 ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wà, nítorí pé ojú ọ̀nà kan ni ibẹ̀ jẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ń gbà wọ ìlú.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò adarí dàbí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀: irin lásán ni, kò lè ti ojú kan kúrò. Ètò adarí ni í jí ẹ̀rọ náà, òun ni í so bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí a ń rí lójú ẹ̀rọ, òun ni í mọ ibi tí ìwé wà, òun náà sì ni í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àjèjì má bàa wọlé. Ìlà ọ̀rọ̀ tí a fi kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni nínú iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kò lè ṣàì wà. Àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì a máa wá àṣìṣe wọ̀nyí kiri, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń rẹ́ ògiri yìí lóṣooṣù. Àmọ̀ tí ó fi ń rẹ́ ẹ ni à ń pè ní àtúnṣe.

Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá ní òun kò rẹ́ ẹ mọ́, kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, ó ń kọrin bí ó ti ń kọ ọ́ ní àná. Ìyẹn gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà léwu, nítorí pé ojú kò rí ohun tí ó yí padà. Ohun mìíràn tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Ètò tuntun a máa jogún púpọ̀ nínú ìlà ọ̀rọ̀ ètò àtijọ́. Bí a bá wá dí ihò kan lára ètò tuntun, tí a sì kéde pé a ti dí i, ọlọ́ṣà yóò lọ wo ibi kan náà lára ètò àtijọ́, yóò bá ihò náà ní ìlà-ẹnu sílẹ̀. Báyìí ni àtúnṣe ọmọ ṣe ń tú àṣírí bàbá.

Ìdí tí mo fi yan Mile 2 kò ṣòro láti rí. Bí a bá dúró ní ìkòríta náà, ọ̀nà Badagry ń bẹ ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà Òṣòdì ń bẹ ní àríwá, èbúté Tin Can Island sì wà ní ìhà gúúsù. Ẹnu ọ̀nà Festac Town kò jìnnà sí ibẹ̀, ọjà ńlá Alábà sì wà níwájú bí a bá ń lọ sí Badagry. Ọdún 1977 ni ó sọ agbègbè yìí di ohun tí ó jẹ́. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC, wáyé ní Èkó, ìjọba àpapọ̀ sì kọ́ odindi ìlú kan sílẹ̀ fún àwọn àlejò tí wọ́n lé ní 15,000. Nígbà tí àlejò lọ tán, a fi kèké pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, nítorí pé ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ǹtì ti dí èbúté Àpápá pa ní ọdún 1975. Ní ọdún 1977 yìí kan náà ni Apple II, Commodore PET àti TRS-80 jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kan lè dá rà sí ilé ara rẹ̀. Ta ni ìbá mọ̀ ní ọjọ́ náà pé ìlú tí a kọ́ fún onílù àti oníjó, àti èbúté tí a ṣí nítorí sìmẹ́ǹtì, yóò pàdé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìkòríta kan ṣoṣo?

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkànlélógún wọlé ni wọ́n pàdé. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Windows XP jáde. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, sáíbà káfè rú jáde ní òpópónà Festac bí olú òjò. Ọmọ ilé-ìwé ń lọ síbẹ̀ láti wo èsì ìdánwò, ẹni tí ó ní ọmọ ní òkè òkun ń lọ síbẹ̀ láti ka lẹ́tà, àwọn mìíràn a sì san owó òru mọ́jú. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn oníjìbìtì tí à ń pè ní ọmọ Yahoo náà jókòó níbẹ̀, wọ́n sì ba orúkọ àdúgbò náà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ di ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mú níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti fún òwò kò kéré rárá. Windows 98 ni ó wà lára púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ayé nígbà náà, XP sì wá gba ipò rẹ̀. Nígbà tí Microsoft pa Windows 98 tì ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2006, ariwo kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Níbo wá ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti wá? Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 tí ó kún fún irú ẹrù yìí ń wọ Èkó lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn jẹ́ 400,000 lóṣù kan. Ní ọdún 2018 ni ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí ibùdó Àdéhùn Basel tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ alábàáṣe nínú rẹ̀. Wọ́n dúró ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù oríṣiríṣi ń wọlé lọ́dún, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Yúróòpù, inú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú ẹrù yìí lọ́dún tí kò ṣiṣẹ́ rárá.

Kì í ṣe ìtìjú láti lo tòkúnbọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ń ra kọ̀ǹpútà fún àádọ́ta ọdún ní àkísà púpọ̀ láti tà. Àkísà yìí ni púpọ̀ nínú wa fi kẹ́kọ̀ọ́, òun ni a fi dá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sílẹ̀, òun ni ilé-ìwé aládàáni fi ń tẹ ìwé èsì ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé ọjọ́ tí ó wà lára àkísà náà kì í tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, òpin àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọdún 10 ni ààbò náà. Bí ọ́fíìsì kan ní Jámánì bá ra kọ̀ǹpútà ní ọdún 2016, tí ó lò ó fún ọdún 5, tí ó tà á fún oníṣòwò àlòkù, tí ó gba orí omi dé Tin Can, tí a tún un nù, tí ẹnì kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin sì rà á ní ọdún 2023, ọdún 2 péré ni ó kù nínú 10. Odindi ẹ̀rọ ni ẹni náà ra, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ààbò rẹ̀ ni ó bá. Ìdá mẹ́rin ìyókù, ẹlòmíràn ti jẹ ẹ́ ní òkè òkun. Nítorí náà, akọ̀tàn tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ ka ọdún láti ìgbà tí ẹ̀rọ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ó dé èbúté ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wo iye ọjọ́ tí ó kù.

Òpin tí ayé kọ́kọ́ bẹ̀rù gidigidi ni ti Windows XP. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni. Ó ti pé ọdún 12 àti ààbọ̀ tí ètò náà ti wà, ó sì ti wọ ibi gbogbo dé ibi pé òun ni ó ń darí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ ATM tí ń pọ owó lágbàáyé. Èkó ni a ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìdín-owó-ọwọ́-kù ní ọdún 2012, tí a fi ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọba àti ilé ìfowópamọ́ ńláńlá ní òkè òkun san owó fún Microsoft kí ó máa bá wọn tún XP tiwọn ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Onítẹ̀wé tí ó ní kọ̀ǹpútà 2 lẹ́bàá ọ̀nà kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, fún ọ̀pọ̀ nínú wa, òpin náà ti dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ètò kọ̀ǹpútà, BSA, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2011 pé nínú 100 ètò tí ó wà lára kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, 82 ni a kò san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ayédèrú Windows sí ẹ̀rọ a máa pa àtúnṣe rẹ̀ kí àṣírí má bàa tú. Ẹni tí ó ní ojúlówó náà a máa ro owó dátà, kò ní fẹ́ kí àtúnṣe jẹ ẹ́ tán. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá sì lọ ní àárín àtúnṣe, iṣẹ́ a bàjẹ́. Báyìí ni ògiri ṣe lanu sílẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onílé.

Ohun tí èyí lè fà hàn sí gbogbo ayé ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ní ọjọ́ náà ni fáírọ́ọ̀sì kan tí à ń pè ní WannaCry bẹ́ jáde. Bí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, a ti gbogbo ìwé inú rẹ̀ pa, a sì béèrè 300 dọ́là kí ó tó ṣí wọn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ ẹ̀rọ tí ó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, a sì fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdéhùn tí aláìsàn ní pẹ̀lú dókítà. Microsoft ti fi àtúnṣe ihò náà jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún yẹn, nǹkan bí oṣù 2 ṣáájú. Windows 7, tí àtúnṣe wà fún, ni ó wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó kó àrùn náà. Àwọn tí ó ni wọ́n kò gbà á ni. Ní ti XP, ọdún 3 lẹ́yìn òpin rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní láti padà wá fi àmọ̀ díẹ̀ rẹ́ ògiri tí ó ti kọ̀ sílẹ̀, nítorí ó rí i pé iná ilé àtijọ́ lè jó ilé tuntun.

Windows 7 tìkára rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Àwa tí a fẹ́ràn èdè Yorùbá ní ìdí láti rántí Windows yìí. Ó wà lára àwọn ètò tí Microsoft fi aṣọ Yorùbá wọ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò, tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú kí àwọn ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di Yorùbá. Wàhálà àwọn tí ó rán aṣọ náà kò kéré: wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan tí àwọn bàbá wa kò rí rí. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kan ni a rán an mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ẹni náà pé, aṣọ náà bá a lọ.

Ìpàdánù tí ó tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ wà. Ní ìgbà Windows 98 àti ìbẹ̀rẹ̀ XP, kò rọrùn láti fi àmì sí orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá. Àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn onítẹ̀wé lo oríṣi lẹ́tà àkànṣe tí a yà fún iṣẹ́ náà, tí ó jẹ́ pé ohun tí ojú rí bí ẹ tàbí ṣ, àmì mìíràn pátápátá ni ó jẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà tí kò ní lẹ́tà àkànṣe náà, yóò di wúruwùru tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Iṣẹ́ àṣekágbá, àkójọ oríkì, eré oníṣe: ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ó mọ̀ wọ́n bá di ohun àwátì ní àkìtàn, ta ni yóò kà wọ́n? Ọ̀rọ̀ òpin Windows kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan. Ti ẹgbẹ́ wa náà ni.

Wàyí o, a dé orí Windows 10. Òpin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣáájú. Nígbà tí XP àti Windows 7 ń lọ, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì lè ti ọgbọ́n bọ̀ ọ́. Windows 10 gbà láti wọ inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows 7 wà tẹ́lẹ̀, Microsoft sì fi í tọrẹ fún àwọn onílé ní ọdún kìíní rẹ̀. Windows 11, tí ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó béèrè fún ohun ààbò kan tí à ń pè ní TPM 2.0 nínú irin ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó sì ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe kí ó tó di ọdún 2018 nù. Ní ìparí ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Canalys tí ń wo ọjà kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 240 kọ̀ǹpútà lè di àkísà nítorí èyí. Níbo ni ọ̀nà irú àkísà bẹ́ẹ̀ ń gbà? Ẹni tí ó bá mọ Tin Can àti Mile 2 kò ní pẹ́ kí ó tó dáhùn. Microsoft fi ọdún kan kún un fún àwọn onílé tí wọ́n bá fi orúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ṣùgbọ́n àfikún ọdún kan kì í sọ arúgbó di ọmọdé.

Ìgbà tí òpin yìí dé bá wa kò sì dára. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lójú dọ́là. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà kí oṣù náà tó dé ti kọjá 1,400 náírà ní ọdún 2024. Owó tí à bá fi ra kọ̀ǹpútà 3 tẹ́lẹ̀ wá di owó ẹyọ kan. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó ju ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ nù, kí ó ra tuntun, yóò wo ẹnu wa lásán ni.

Àwọn kan yóò ní: ṣé ẹ̀bi Microsoft ni? Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òtítọ́. Bíríkìlà tí ó kọ́ ilé fún ni, tí ó sì ń rẹ́ ògiri rẹ̀ fún ọdún 10 láìgba owó mìíràn, kò ṣe ibi. Kò sí ẹni tí ó lè máa rẹ́ ilé kan títí láé. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì fi ọjọ́ pamọ́. Ọdún púpọ̀ ṣáájú ni ó ti ń kéde wọn. Ẹjọ́ tí mo ní yàtọ̀. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ọrùn ẹni tí ó ń ra ẹ̀rọ tuntun ní ọdún 4 sí 5 ni a wò tí a fi dá ọdún 10. Kò sí ẹni tí ó wo ọrùn ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹjọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìtàn ilẹ̀ wa ní ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí a kó láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tú, ìjọba kò jókòó lásán. Láàrin ọdún náà ni ó ṣe òfin tí ó dè irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a dá NESREA sílẹ̀, ní ọdún 2011 sì ni òfin jáde lórí ẹ̀rọ iná àlòkù. Ìbéèrè tí òfin náà ń béèrè létí èbúté ni bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣì kù tí ó yẹ kí a fi kún un: títí di ọjọ́ wo ni yóò máa ní ààbò? NAFDAC ti kọ́ wa láti máa yí páálí oògùn padà, kí a wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, kí a tó san owó. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe bákan náà fún kọ̀ǹpútà ní Alábà àti ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó ń tà á mọ ọdún tí a ṣe é. Ẹni tí ó ń rà á ní ẹ̀tọ́ láti mọ ọjọ́ tí ó kù.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Linux, ètò adarí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe, wà nílẹ̀. Ubuntu tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀ jáde ní ọdún 2004 láti ọwọ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Mark Shuttleworth, èdè Áfíríkà ni ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀, kí ó sì máa gba àtúnṣe lọ. N kò sọ pé kò ní ìṣòro. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò lè ṣe bí Windows ti ń ṣe é, ó sì gba kí a jókòó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ni iṣẹ́ wa ní yunifásítì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lè kọ́ ọ, wọ́n lè fi ran onítẹ̀wé tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wọn lọ́wọ́.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni ti àwọn ìwé Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a wá àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ rí kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi iná sun ẹ̀rọ nítorí bàbà inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kó ìwé inú wọn jáde, kí a tún wọn tẹ̀ ní lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀, kí a tọ́jú ẹ̀dà wọn sí ibi tí ó lé ní ẹyọ kan. Redmond ni wọ́n ti ń dá ọjọ́ òpin Windows, àwa kò sì ní ohùn níbẹ̀. Ọjọ́ òpin iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé wa ńkọ́? Ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa.